Páálí Réluwé Bachmann: Ó Yẹ Ọmọ, Bí Ẹ Bá Lè Ṣe Ìyókù

Bí ọmọ bá jókòó ti réluwé ìṣeré, tó sì rí i pé kò sí nǹkan tí òun lè ṣe ju kí òun máa wò ó bó ṣe ń yí po, kò ní pẹ́ tó fi máa dìde lọ. Ohun tí mo fi ń wọn gbogbo páálí réluwé tí wọ́n bá ní ó wà fún ọmọdé nìyẹn: ṣé ọmọ ló máa wa ọkọ̀ yìí, àbí òǹwòran lásán ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Páálí HO (orúkọ ìwọ̀n réluwé ìṣeré kan nìyẹn) tí Bachmann, iléeṣẹ́ réluwé ìṣeré ti Amẹ́ríkà, ń tà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń lo ojú irin E-Z Track, yege níbi ìdánwò yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe wà nínú páálí. Ó ku pákó, ó ku oríta irin, ó sì ku ọ̀rọ̀ iná, èyí tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ n'Ílọrin níbí.

Inú páálí ná. Ẹ́ńjìnnì kan wà níbẹ̀, wágọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta, ojú irin, ṣájà tí wọ́n ń kì bọ ògiri, àti àpótí kékeré kan tó ní bọ́tìnì tí wọ́n ń yí láti fi kún eré tàbí dín in kù, pẹ̀lú súwíìṣì tó ń dá ọkọ̀ padà sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 87 ojúlówó, àlàfo àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mílímítà 16.5. Èyí tó kéré jù nínú àwọn páálí wọ̀nyí ní irin títẹ̀ 12 tó ń di róbótó kan, fífẹ̀ rẹ̀ ínṣì 36. Èyí tó tóbi jù ú lọ fi irin gbọọrọ méjì kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan ínṣì 9, ó wá di gígùn bí ẹyin, ó sì gba àyè ínṣì 47 sí 38. Bí ẹ bá lè yàn, ẹ fi róbótó sílẹ̀, kí ẹ mú ti ẹlẹ́yin. Kò sí ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí dáadáa lórí róbótó, kò sì sí ibi tí ẹ máa ki oríta bọ̀.

Ohun kan wà nínú páálí yìí tí mo fẹ́ràn gan-an nítorí ọmọdé. Irin tí wáyà iná ń wọ̀ ni wọ́n ṣe bí ibi tí títì ti ń gba orí ojú irin kọjá. Ike àárín rẹ̀ ga sókè díẹ̀, ó sì ní ojú ọ̀nà tó ń darí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọmọ á gbé wágọ̀nù lé e láìfarabalẹ̀ rárá, á tì í síwájú, á fà á sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á sì bọ́ sórí irin fúnra wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í lè to ẹsẹ̀ mẹ́jọ tín-ín-rín sórí irin pẹ̀lú ọwọ́ lásán; níbi tí kò bá sí irú irin yìí, àgbàlagbà ni wọ́n á máa pè ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá jábọ́.

Ọ̀rọ̀ iná ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú kí ẹ tó ki ohunkóhun bọ ògiri. Iná tiwa jẹ́ 230 sí 240 fóltì. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Ẹ yí ṣájà inú páálí náà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú INPUT. Bó bá jẹ́ 100-240V, kò séwu, ohun tó ń yí ẹnu plug padà nìkan lẹ nílò. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ má rò pé ẹnu plug ni ìṣòro. Ohun tí wọ́n fi ń yí ẹnu plug padà kì í dín agbára iná kù. Ìlọ́po méjì iná tó yẹ ṣájà náà ló máa wọ inú rẹ̀. Á gbóná, á rùn, á sì jó.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni step-down, àpótí wúwo tó ń sọ 240 di 110, èyí tí àwọn tó ń lo ẹrù tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà mọ̀ dáadáa. Èyí tó kéré jù, 100 wọ́ọ̀tì, ti tó, nítorí réluwé kan ṣoṣo kì í jẹ tó 20 wọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n step-down kì í sọ 50 Hz tiwa di 60 Hz tọ̀hún, nítorí náà ṣájà náà á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ yọ ọ́ lára ògiri bí àwọn ọmọ bá ti ṣeré tán. Ọ̀nà kejì ló wù mí jù. Ẹ ka ìlà OUTPUT, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́: fóltì, ámpíà, bóyá AC ni tàbí DC. Ẹ mú ìwé náà àti ṣájà lọ bá àwọn tó ń ta ẹ̀yà iná ní ọ̀nà Táíwò n'Ílọrin níbí, kí wọ́n bá yín wá èyí tó ń gba 240 tó sì ń gbé nǹkan kan náà jáde. AC kò gbọdọ̀ rọ́pò DC, DC kò sì gbọdọ̀ rọ́pò AC. Bó bá jẹ́ DC, ẹ tún rí i dájú pé àárín ẹnu rẹ̀ ni pósítíìfù wà bíi ti àtijọ́, tàbí ìta, bí tàtijọ́ bá ṣe rí. Àwòrán kékeré kan wà lára ṣájà tó ń fi èyí hàn.

Nígbà tí iná bá lọ, tó sì jẹ́ pé kò sí inverter nílé, bátìrì 12 fóltì 7Ah, irú èyí tó wà nínú UPS kọ̀ǹpútà, lè wa ọkọ̀ yìí dáadáa. Ẹ́ńjìnnì kan máa ń jẹ nǹkan bí ìdajì ámpíà, nítorí náà bátìrì tó ṣì lágbára lè gbé e fún odidi ọ̀sán. Bátìrì yìí kò ní ohun tó ń dín eré kù o, ẹ máa nílò PWM tí wọ́n fi ń darí mọ́tọ̀ DC, àti súwíìṣì DPDT ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí àárín rẹ̀ jẹ́ ibi ìdúró, èyí tó máa dá ọkọ̀ padà sẹ́yìn. Wáyà láti PWM á wọ ẹsẹ̀ méjì àárín. Ẹ fi wáyà méjì so ẹsẹ̀ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ní àgbélébùú. Kí wáyà ojú irin jáde láti ẹsẹ̀ méjì ìparí kan. Fíùsì ámpíà méjì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pupa, lẹ́bàá ẹnu bátìrì gan-an. Èyí kì í ṣe ohun tí ẹ lè fò dá. Bí ọmọ bá gbé ṣíbí lé irin méjèèjì, bátìrì lè da iná tó pọ̀ tó láti sọ wáyà di pípọ́n, nígbà tí ṣájà inú páálí máa ń gé ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ó kan ojú irin. E-Z Track pín sí méjì, àwọ̀ ike abẹ́ rẹ̀ lẹ sì máa fi dá a mọ̀. Ti dúdú, irin rẹ̀ jẹ́ steel. Ti eérú, irin rẹ̀ jẹ́ nickel silver. Ti dúdú ló máa ń wà nínú páálí olówó pọ́ọ́kú, òun ló sì máa ń dípẹtà nígbà òjò bí ilé bá lọ́rinrin, pàápàá bí wọ́n bá tò ó sórí sìmẹ́ńtì lásán. Ìpẹtà kì í jẹ́ kí iná kọjá sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì á wá máa ta kọ́sẹ́kọ́sẹ́. Bí owó bá wà, ti eérú ni kí ẹ máa fi kún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí owó kò bá tíì tó, ẹ lo ti dúdú, kí ẹ máa gbé e kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì máa nù ún. Ẹ má fi sáńpépà nu èyíkéyìí nínú méjèèjì: ojú ibi tó bá ti ha ni ìdọ̀tí á tún sáré dì mọ́.

Ike abẹ́ irin yìí ló jẹ́ kí n gbà á fún ọmọdé ju àwọn irin tí kò ní nǹkan lábẹ́ lọ. Ó ń kanra pọ̀ pẹ̀lú ìró, ọmọ sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ẹnu. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló ń so ẹnu irin méjì pọ̀. Bí ọmọ bá fipá tì í, irin kan á gun orí pẹlẹbẹ náà dípò kó wọ inú rẹ̀. Ike á ti kanra, ojú á sì rí i bí ẹni pé ó dára. Ẹ fi èékánná họ ojú irin láti apá kan dé èkejì: bí èékánná bá kọ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà á kọ́ níbẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fi ẹnu píláyà tẹ pẹlẹbẹ náà padà jẹ́jẹ́, kí ẹ tún un kì. Kí ọmọ kọ́ láti máa fi irin sórí tábìlì pẹrẹsẹ kó tó tì í, kó má gbé e sókè tì í lójú òfuurufú. Bó bá ti mọ èyí, ìdajì wàhálà ti tán.

Kí ẹ tó ra pákó, ẹ tò ó sílẹ̀ ná. Orí ilẹ̀ kì í ṣe ibùgbé rẹ̀: eruku, irun, òwú kápẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ jíà ẹ́ńjìnnì. Plywood wa jẹ́ fíìtì 8 sí 4, àwọn kan á sì ní kí ẹ là á sí méjì kó di 4 sí 4. Ẹ má gbà. Fíìtì 4 jẹ́ ínṣì 48, ojú irin náà gba 47, ìdajì ínṣì péré ló máa kù ní orí àti ìdí, ọkọ̀ tó bá jábọ́ á sì balẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ẹ gé e sí fíìtì 6 sí 4. Bí ẹ bá fi irin gbọọrọ méjì kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ojú irin á di ínṣì 65 sí 38, ínṣì 3 àbọ̀ á ṣẹ́kù ní orí àti ìdí, ínṣì 5 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Irin gbọọrọ mẹ́rin ló wà nínú páálí kékeré kan tí Bachmann ń tà lọ́tọ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu ìparí kò ní pàdé.

Igi 2 by 2 mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan fíìtì 12, ni férémù àti ẹsẹ̀ máa gba, kò sì ní sí àṣẹ́kù. Èkíní, ẹ gé e sí 6 àti 6. Èkejì, ẹ gé e sí 4, 4 àti 4. Ẹ̀kẹta, ẹ gé 4 kan níbẹ̀, kí ẹ gé ìyókù sí fíìtì méjì méjì lọ́nà mẹ́rin fún ẹsẹ̀. Fíìtì 4 méjì á dúró ní orí àti ìdí, méjì á gba àárín kọjá kí pákó má baà tẹ̀. Ẹ̀yà plywood fíìtì 2 sí 4 tó ṣẹ́kù kì í ṣe ohun tí ẹ máa jù nù: ẹ ní kí káfíńtà là á sí pẹlẹbẹ ínṣì 4, mẹ́fà nìyẹn. Márùn-ún nínú rẹ̀ á yí gbogbo tábìlì ká, ẹ kàn án mọ́ férémù kó yọ ínṣì kan àbọ̀ sókè ju ojú pákó lọ. Ògiri kúkúrú yìí ló máa gba ẹ́ńjìnnì là. Ẹ gé ẹ̀kẹfà sí onígun mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ fi dè orígun ẹsẹ̀, torí ọmọ kì í ṣe kó má fara ti tábìlì. Plywood ìdajì ínṣì ni kí ẹ lò, èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín bí ọyẹ́ bá gbẹ ẹ́ tán. Ojú rẹ̀ nìkan á wúwo tó kílò 16, nítorí náà ó gba àgbàlagbà méjì láti gbé e.

Fíìtì méjì ni gíga tó bá ọmọ ọdún márùn-ún sí méje mu. Àwọn tó ti tó mẹ́jọ lọ sókè nílò ẹsẹ̀ fíìtì méjì àbọ̀. Ẹ má ti tábìlì mọ́ ògiri. Ọwọ́ ọmọ kékeré kì í dé àárín pákó fíìtì mẹ́rin, bó bá sì fẹ́ mú ohun tó wà lódìkejì, ńṣe ló máa fi àyà lé ojú irin. Bí ọ̀nà bá wà yí ká, ẹnìkan á wà níwájú, ẹnìkan á wà lẹ́yìn, kò sí ìjà.

Ẹ fi rọ́bà ilẹ̀ tẹ́ pákó kí ó má baà máa dún bí ìlù, ṣùgbọ́n ẹ má lo kápẹ́ẹ̀tì. Ihò wà lára ike ojú irin tí síkúrù kékeré lè gbà kọjá: mẹ́fà ti tó fún gbogbo rẹ̀. Bó bá ti kan ike, ẹ dúró. Síkúrù tí wọ́n bá fún jù á fa ike wọ inú, àlàfo irin á há, ọkọ̀ á sì máa jábọ́ níbi tí ojú kò rí ìdí rẹ̀.

Oríta irin ló ń sọ ọ̀ṣọ́ di iṣẹ́. Láìsí i, ọmọ kò ní ìpinnu kankan láti ṣe. Oríta méjì ni kí ẹ rà, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, kí ẹ̀ka méjèèjì yà sínú àárín. Irin títẹ̀ kan tó kọjú sí òdìkejì á mú ẹ̀ka náà padà gbọọrọ, irin gbọọrọ kan á tẹ̀lé e, kí ẹ wá fi gúlúù lẹ ègé igi kan sí ìdí rẹ̀ kí wágọ̀nù má baà bọ́. Ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ gba wágọ̀nù méjì. Ẹ ra páálí irin kúkúrú oríṣiríṣi mọ́ ọn, nítorí pé bí oríta bá ti wọ ojú irin, ẹnu kì í fìgbà gbogbo pàdé gẹ́lẹ́, fífà á pọ̀ nípá ló sì ń ya ìsopọ̀.

Oríta tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni kó jẹ́, kì í ṣe ti oníná. Inú ti oníná ní kọ́yìlì tó yẹ kó gba iná fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Ọmọ tó bá dì í mú títí á jó o. Yàtọ̀ sí èyí, fífi ìka ti oríta kí ọkọ̀ tó dé jẹ́ iṣẹ́ tó dùn mọ́ ọmọ ju bọ́tìnì lọ, ó sì ń rí bí irin tín-ín-rín inú rẹ̀ ṣe ń sún láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn tó bá ti ra oríta sábà máa ń ṣe: wọ́n á fẹ́ kí ọkọ̀ yí padà kó wá gba ojú irin tó gbà lọ. Ẹ fi ìka tẹ̀lé irin apá ọ̀tún kan láti orí dé ibi tó ti padà wá, ẹ ó rí i pé ó wá pàdé irin apá òsì. Ọ̀kan pósítíìfù, ọ̀kan nẹ́gẹ́tíìfù, bíríìjì nìyẹn, gbogbo ọkọ̀ á dúró. Ọ̀nà wà láti ṣe é pẹ̀lú irin tí wọ́n gé iná rẹ̀ sílẹ̀ àti súwíìṣì, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún tábìlì ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá fẹ́ so wáyà kejì mọ́ apá ẹ̀yìn nítorí pé ọkọ̀ ń rọ̀ níbẹ̀: wáyà tó wà lára irin inú níwájú, irin inú ló gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹ́ńjìnnì dísù kúkúrú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, tí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gba iná, ló yẹ. Ẹ́ńjìnnì eléèéfín kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ àárín oríta jẹ́ ike, bí ẹsẹ̀ tó ń gba iná bá kéré, ibẹ̀ gan-an ló máa kú sí, ọmọ á wá máa fi ìka taari rẹ̀, jíà inú rẹ̀ á sì máa jẹ. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn nípa àpótí ìdarí inú páálí ni pé kò sí ohun tó ń dá bọ́tìnì dúró ní ìdajì. Bí ọmọ bá yí i dé òpin, ẹ́ńjìnnì á fò jáde níbi tí irin ti tẹ̀. Ẹ lẹ ègé ike kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì náà níbi tí eré ti tó. Nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n wà, ẹ lè yọ ọ́.

Bí ọkọ̀ bá ń jábọ́, ẹ má kàn máa gbé e padà. Bó bá jẹ́ pé ibì kan náà ni gbogbo ọkọ̀ ti ń jábọ́, ojú irin ni. Bó bá jẹ́ wágọ̀nù kan náà ló ń jábọ́ níbi gbogbo, wágọ̀nù náà ni: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí dáadáa, tàbí ìkọ́ rẹ̀ ti wọ́ sísàlẹ̀, tàbí ó fúyẹ́. NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe réluwé kékeré ní Amẹ́ríkà, ní kí wágọ̀nù HO wúwo tó áńsì kan, pẹ̀lú ìdajì áńsì fún ínṣì gígùn kọ̀ọ̀kan. Wágọ̀nù onínṣì 6 á jẹ́ áńsì 4, nǹkan bíi gíráàmù 113. Ẹ gbé e lé ìwọ̀n, kí ẹ fi gúlúù lẹ nọ́ọ̀tì irin sínú rẹ̀ títí á fi pé. Èyí tó wúwo jù ni kó súnmọ́ ẹ́ńjìnnì, torí nígbà tí wọ́n bá ń tì í sẹ́yìn wọ ẹ̀ka, èyí tó fúyẹ́ láàárín ló máa ń fò.

Láti já wágọ̀nù, igi ṣúyà ni irinṣẹ́ tó dára jù. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó sáàárín ìkọ́ méjèèjì láti òkè, kí ẹ yí i díẹ̀, ìkọ́ á ṣí. Kí ẹ fi ayùn gé ẹnu rẹ̀ kó má mú jù fún ọwọ́ ọmọdé. Ọwọ́ lásán máa ń gbé gbogbo wágọ̀nù kúrò lójú irin ni.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá ẹ̀rọ yìí níbí. Láti oṣù kọkànlá dé ìparí oṣù kejì, eruku á fi ìlà dúdú sórí irin láàárín ọjọ́ mélòó kan, òróró ọwọ́ tó jẹ àkàrà á sì dà á pọ̀ di ẹrẹ̀. Aṣọ tó bo tábìlì ní gbogbo ìgbà tí wọn kò bá ṣeré ló ń dín iṣẹ́ kù jù. Aṣọ funfun tí wọ́n rẹ sínú spírítì láti kẹ́mísì ni kí ẹ fi nu irin, kí ẹ yọ iná ná, kí spírítì gbẹ kí ẹ tó tan án. Fún ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ́ tíṣù tí spírítì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lára rẹ̀ sórí irin méjèèjì, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú lé orí tíṣù, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wà lórí irin lásán. Ẹ di ẹ́ńjìnnì mú, ẹ fún un níná díẹ̀. Ẹsẹ̀ orí tíṣù á máa yí lójú kan, ìlà dúdú méjì á sì yọ lára tíṣù náà. Ẹ yí i padà, kí ẹ ṣe apá kejì. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀kán kan péré láti ẹnu abẹ́rẹ́, ló tó fún jíà. Bó bá pọ̀, á ṣàn dé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á wá máa yọ̀.

Àwọn mìíràn tó wà lọ́jà ńkọ́? Réluwé oníbátìrì tó ń rìn lórí ike, tó kún Ọjà Ọba, kò ní wàhálà fóltì, kò sì ní ìpẹtà; ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló dára fún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní súwíìṣì títàn àti pípa nìkan, ọmọ kò lè dín eré rẹ̀ kù, irin wọn kì í sì í bá ti ẹlòmíràn mu bó bá ṣẹ́. Hornby láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọrùn jù fún ẹni tó ní èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù: plug wọn bá ògiri wa mu, iná wọn náà jẹ́ 230. OO ni tiwọn, ìdá kan nínú 76, ṣùgbọ́n mílímítà 16.5 kan náà ni irin wọn, nítorí náà ẹ́ńjìnnì wọn tí kì í ṣe ti DCC (ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi àmì onídíjítà darí) lè rìn lórí E-Z Track. Irin Hornby fúnra rẹ̀ kò ní ike abẹ́, ẹnu rẹ̀ sì yá láti wọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun máa mú Märklin onírin mẹ́ta bọ̀ láti Jámánì, ó dára púpọ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè jọ rìn: ẹsẹ̀ wágọ̀nù rẹ̀ á ṣe bíríìjì lórí irin oníméjì.

Nípa bí àwọn ọmọ ṣe máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: ẹ̀ka iwájú ni Ọ̀fà, ẹ̀ka ẹ̀yìn ni Jẹ́bà, ibi tí títì ti gba ojú irin kọjá ni Ìlọrin. Ẹnìkan awakọ̀, ẹnìkan olóríta, ẹnìkan tó ní àsíá pupa àti àsíá aláwọ̀ ewé. Ẹ gé páálí sí káàdì, kí ẹ kọ ẹrù àti ibi tó ń lọ sí i: sìmẹ́ńtì, Ọ̀fà, àgbàdo, Jẹ́bà. Ọmọ tó bá fa káàdì gbọ́dọ̀ ronú wágọ̀nù tó máa kọ́kọ́ já, ojú wo ló máa gbà wọ ẹ̀ka, ṣé títì ló máa tì í àbí fífà. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ sún títí àsíá aláwọ̀ ewé á fi gòkè. Bí ọkọ̀ bá dé Jẹ́bà láìjẹ́ pé olóríta ti yí irin, awakọ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró, kì í ṣe kó máa pariwo. Àwọn tó mọ ojú irin àtijọ́ tó gba Ọ̀fà kọjá lè sọ fún wọn pé mílímítà 1067 ni fífẹ̀ rẹ̀, bí a bá sì pín in sí 87, díẹ̀ lé ní 12 ni. 16.5 tó wà lórí tábìlì yìí bá 1435 mu, ìyẹn ojú irin tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè dá ṣe gbogbo èyí. Láti márùn-ún sí méje, kí àgbàlagbà wà nítòsí. Kí ọmọ tó ṣì ń fi nǹkan sẹ́nu má súnmọ́ ọn, nítorí ìkọ́ àti síkúrù rẹ̀ kéré.

Bí ẹ bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ohun tí ẹ máa kọ nìyí: páálí HO tí ojú irin rẹ̀ jẹ́ ínṣì 47 sí 38, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dísù, kó má jẹ́ ti DCC, páálí irin gbọọrọ onínṣì 9 kan, páálí irin títẹ̀ onínṣì 18 kan (ìdajì fífẹ̀ róbótó ínṣì 36 ni 18 yìí, kì í ṣe gígùn irin), oríta ọ̀tún kan àti oríta òsì kan, ti àfọwọ́yí, páálí irin kúkúrú kan. Oríta tó yà sọ́tùn-ún àti èyí tó yà sósì kò lè rọ́pò ara wọn, nítorí náà kí wọ́n ka ara páálí dáadáa kí wọ́n tó sanwó. Ìyókù, pákó, igi, wáyà, spírítì àti igi ṣúyà, wà nílé níbí.